Ọgbẹ́ Tí A Kò Rán

Bí ẹ bá wà nínú dáńfó lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tí ẹnì kan wá pariwo pé "Igbóbì wà o!", ẹ ṣàkíyèsí àwọn èrò yòókù. Ẹsẹ̀ onítọ̀hún ni wọn yóò kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Ní Èkó, orúkọ àdúgbò yẹn ti di orúkọ ilé ìwòsàn eegun. Bí a bá sọ pé wọ́n ti gbé ẹnì kan lọ sí Igbóbì, kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tó ṣe é. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ṣé ẹsẹ̀ ni àbí apá?

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé inú yàrá kan ní Bàrígà, nígbà tí a kò rí ibùsùn gbà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ìkankan nínú wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹnì kan ń ka ìtàn, ẹnì kan ń ka ìṣirò owó, ẹnì kẹta ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ilé. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti kọ́ gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ọgbẹ́, a sì san owó ilé ẹ̀kọ́ náà tán pátápátá. Ẹnì kẹta wa ló ní kí a kọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin lè kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, òjò ń rọ̀. Ẹnì kẹta wa ń bọ̀ láti Pẹ́dírò, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní lẹ́sìnnì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wọ̀ fẹ́ yẹ ihò kan sílẹ̀, ló bá ṣubú sínú gọ́tà. Kí wọ́n tó fà á jáde, irin kẹ̀kẹ́ náà ti ya ojúgun rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n pè wá tí a sáré débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti omi gọ́tà ti pò mọ́ra wọn. Ojú ọgbẹ́ náà gùn tó páálí ìṣáná. Nǹkan funfun kan ń dán nínú rẹ̀. A mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú wa.

Àwọn tó dúró yí wa ká ní kí a gbé e lọ sí Igbóbì kíákíá, pé kò jìnnà. Òótọ́ ni, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù owó bà wá, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. A bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó súnmọ́ wa. Ọkùnrin tí a bá níbẹ̀ da omi Dettol sí ojú ọgbẹ́ náà, ó fi kọ́tìnwúùlù nù ún. Ó wò wá, ó ní, "Ṣé kí n kàn dì í, kí ẹ gbé e lọ síwájú láàárọ̀ ọ̀la?"

Àwa méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa rán an."

Ó rán an. Ó gba òwú méje. Nígbà tó parí, ojú ọgbẹ́ náà ti pa dé, kò sí nǹkan funfun kankan mọ́. Ọkàn wa balẹ̀. A dúpẹ́, a sanwó, a gbé ọ̀rẹ́ wa sílé, a sì sùn dáadáa. Ohun tó ń dùn wá jù títí di òní nìyẹn, pé a sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ náà wú, awọ orí rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ara rẹ̀ gbóná. A lo oògùn ibà, torí pé ibà ni gbogbo ara gbígbóná lójú akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn nǹkan kan nínú yàrá. A wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bóyá eku kú síbẹ̀. Kò sí eku kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a gbé e dé Igbóbì.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé òwú àkọ́kọ́. Kó tó gé èkejì, ọyún ti tú jáde. Ẹnì kan nínú wa ní láti jáde lọ di ògiri mú. Dókítà béèrè pé, "Ta ló rán an?"

A dorí kodò. A ní, "Àwa ni, sà."

Ó ní, "Rárá, ẹni tó fi abẹ́rẹ́ rán an ni mò ń béèrè."

A tún ní, "Àwa la ní kí wọ́n rán an, sà."

Ó wò wá títí. Kò bú wa. Ó fa ìwé kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó sì fa ìlà mẹ́rin sí i.

Ìlà mẹ́rin

Dókítà náà sọ fún wa pé oníṣẹ́ abẹ kì í wo bí ọgbẹ́ ṣe tóbi tó nìkan. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé, báwo ni ibẹ̀ ṣe mọ́ tó? Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti gbé ìpín mẹ́rin kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìpín náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri ayé sì ń tẹ̀ lé títí di òní.

Ìlà kìíní ni ọgbẹ́ mímọ́. Inú tíátà ni wọ́n ti là á, lára awọ tí kò ní àléébù. Kò sí ọyún níbẹ̀, wọn kò sì ṣí ọ̀nà oúnjẹ, ọ̀nà èémí tàbí ọ̀nà ìtọ̀. Ẹnì kan nínú wa ní irú rẹ̀: ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un, àpá rẹ̀ kò ju ìlà tín-ín-rín kan lọ. Bí eegun bá ṣẹ́ sínú tí awọ kò ya, tí dókítà wá là á láti fi irin dè é, ọgbẹ́ mímọ́ náà ni.

Ìlà kejì ni ọgbẹ́ mímọ́ tí a ń fura sí. Dókítà mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ibi tí kòkòrò máa ń gbé nínú ara, bí ìfun tàbí ojú ara obìnrin, ṣùgbọ́n ó ṣe é pẹ̀lú ètò, nǹkan kan kò sì dà sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn nínú wa, ojú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló gbà wá sáyé. Màmá rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbàgbé.

Ìlà kẹta ni ọgbẹ́ tí ìdọ̀tí ti wọ̀. Ọgbẹ́ tuntun tí jàǹbá dá wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ abẹ tí ohun inú ìfun ti dà sínú ikùn. Ọyún kò tíì sí, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀.

Ìlà kẹrin ni ọgbẹ́ tó ti kẹ̀. Ó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹran inú rẹ̀ ti kú, ọyún ti dé.

Nígbà tó yá, a wá ọ̀rọ̀ yìí kà síwájú sí i. Ní Kánádà, àwọn olùwádìí méjì kan, Cruse àti Foord, fi ọdún mẹ́wàá ṣọ́ ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ 62,939. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1980. Nínú ọgbẹ́ mímọ́ 100, kòkòrò kò ba 2 jẹ́. Nínú ìlà kejì, ó sún mọ́ 8. Nínú ìlà kẹta, ó di 15. Nínú ìlà kẹrin, ó tó 40. Ẹni tó bá ka iye wọ̀nyẹn yóò mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn wà láàárín ìlà kan àti èkejì.

Ọgbẹ́ ọ̀rẹ́ wa wà ní ìlà kẹta ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí a gbé e dé Igbóbì, ó ti bọ́ sí ìlà kẹrin. Ẹsẹ̀ kan náà ni, ojú kan náà ni. Ọjọ́ mẹ́rin àti òwú méje ló wà láàárín wọn.

Olè tí a tì mọ́lé

Wọ́n gbé e wọ tíátà. Wọ́n gé gbogbo ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n fi omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò fọ inú ọgbẹ́ náà láìmọye ìgbà. Àwọn oníṣẹ́ eegun kì í díwọ̀n omi yìí ní kọ́ọ̀bù, lítà ni wọ́n fi ń kà á. Wọ́n gun irin mọ́ eegun láti ìta kí ó lè dúró lójú kan. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìpá-gìrì, èyí tí kòkòrò inú ẹrẹ̀ máa ń fà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò.

Nígbà tó jáde, a wo ẹsẹ̀ náà. Wọn kò rán an! Ihò náà ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gọ́ọ̀sì tútù ni wọ́n kàn tẹ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi báńdéèjì wé e.

Màmá rẹ̀ ti ìlú dé ní ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ń tú báńdéèjì lọ́wọ́ nígbà tí Màmá wọlé. Wọ́n rí inú ẹsẹ̀ ọmọ wọn, wọ́n ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ṣé wọ́n ti pa ọmọ mi tì ni? Sísítà, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi rán an. Bí ó bá jẹ́ owó ni, màá wá a."

A mọ ohùn yẹn. Ohùn tiwa ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni.

Nọ́ọ̀sì náà ti dàgbà díẹ̀. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Bí olè bá wọlé yín, tí ẹ wá ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn sínú, ṣé ẹ ti lé e lọ nìyẹn? Àwọn ọmọ yìí ti kọ́kọ́ tì í mọ́lé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni. Ẹ jẹ́ kí olè kọ́kọ́ jáde ná."

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, àfi àwa méjì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tán wa lójú. Àwọn kòkòrò kan wà tí wọn kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Ibi tó pa dé, tó gbóná, tí ẹ̀jẹ̀ òun ẹran kíkú wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jayé. Ìgbà tí a bá rán ẹnu ọgbẹ́ tó dọ̀tí, a ti kọ́lé fún wọn. Ìgbà tí a bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, ọyún ní ọ̀nà àbájáde, ojú sì lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ọgbẹ́ tí wọn kò rán kì í ṣe ọgbẹ́ tí wọ́n pa tì. Ní tòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tí wọ́n rán lọ: wíwẹ̀, yíyẹ̀wò, gọ́ọ̀sì pípààrọ̀, lójoojúmọ́ ayé.

Ẹni tó ń ka ìtàn nínú wa ló tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí dé ẹ̀yìn. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹrẹ̀ oko tí wọ́n ti ń jà kún fún ìgbẹ́ ẹran, ọgbẹ́ ìbọn tí wọ́n bá yára rán níbẹ̀ sì máa ń jẹrà. Antoine Depage, oníṣẹ́ abẹ ará Bẹ́ljíọ̀mù, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n gé ẹran kíkú kúrò, kí wọ́n fi ọgbẹ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí wọ́n sì máa ka kòkòrò inú rẹ̀ kí wọ́n tó rán an. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi dé, ìlànà yìí ti di òfin ní ilé ìwòsàn ológun.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà wá sí àdúgbò wa. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa lọ jà ní Bọ́mà nínú ogun kejì yẹn, lábẹ́ Dìfíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ padà sílé. Ní ọdún 1945, wọ́n dá ibì kan sílẹ̀ ní Igbóbì láti tún ìgbésí ayé àwọn jagunjagun tó ti di aláàbọ̀ ara ṣe. Ibẹ̀ ló di ilé ìwòsàn eegun tí a mọ̀ lónìí. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní ọdún 1975. Kó tó di ilé àwọn tí ọkọ̀ gbá, ilé àwọn tí ogun gbá ni. A ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wọ yunifásítì, a kò mọ̀.

Bí ara ṣe ń tún ara rẹ̀ kọ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ń pààrọ̀ ara wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹnì kan lówùúrọ̀, ẹnì kan lálẹ́. A bá a lọ débi tí ọgbẹ́ náà ti di ìwé kíkà. Ẹni tó ń kọ́ ìyàwòrán ilé, ìyẹn ẹni tó ni ẹsẹ̀, ló sọ pé bí wọ́n ṣe ń kọ́lé gan-an ló rí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni dídí ojú ibi tó ń jò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí awọ bá ya, òpó ẹ̀jẹ̀ á sún kì, ẹ̀jẹ̀ á dì. Lẹ́yìn náà ni àwọn agbálẹ̀ á dé. Wúwú, pípọ́n àti gbígbóná tí a ń rí ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, iṣẹ́ wọn ni: àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun ń jẹ kòkòrò, wọ́n ń kó pàǹtí. Wúwú díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bí ó bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tó ń rùn, tí ara sì ń gbóná, ìyẹn ni kí ẹ sá fún.

Lẹ́yìn àwọn agbálẹ̀ ni àwọn bíríkìlà. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin sókè, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù láti ìsàlẹ̀ ọgbẹ́. Ẹran tuntun á yọ, pupa ni, ó rí kókókó bí ojú èso igi. Bí gọ́ọ̀sì bá kàn án, á ṣẹ̀jẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì pè wá pé kí a wá wò ó, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ti ń pọ́n," a kò mọ̀ pé pípọ́n lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Ẹran yìí á kún ihò náà díẹ̀díẹ̀, etí ọgbẹ́ á máa fà mọ́ra, awọ á sì máa rá bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Àtúnṣe ló kẹ́yìn, òun ló sì gùn jù. Ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara á máa tú okùn tó fi dè é lákọ̀ọ́kọ́, á máa fi èyí tó yi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, agbára ojú àpá kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún ti awọ gidi lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lè tó bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Kì í kọjá ibẹ̀ mọ́ títí ayé. Àwọn àgbà kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n sọ pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọgbẹ́ ń gbà jinná. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n pa etí méjèèjì pọ̀ kíá, kí wọ́n rán an. Ti ọgbẹ́ mímọ́ nìyẹn. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, awọ òkè á ti lẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí a má ṣí báńdéèjì iṣẹ́ abẹ láìtọ́jọ́. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó kún láti ìsàlẹ̀ wá. Ó pẹ́, àpá rẹ̀ sì ń fẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn ológun: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́rin sí mẹ́fà, bí ó bá mọ́, ẹ wá rán an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń gún wa nìyí. Bí a bá gbé e dé Igbóbì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó ṣeé ṣe kó gba ọ̀nà kẹta. Wọn ì bá rán an láàárín ọ̀sẹ̀ kan. A fẹ́ kó yá, a bá pa á lẹ́nu dé. Ohun tó sì pẹ́ jù nìyẹn. Ọ̀nà kejì ló gbà, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ẹran pupa ti bo eegun dáadáa, wọ́n há awọ fẹ́ẹ́rẹ́ láti itan rẹ̀, wọ́n sì fi lé ojú ọgbẹ́ náà. Ojú itan yẹn wá di ọgbẹ́ mìíràn, ó sì ta á ju ojúgun lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò há a dénú, ìpìlẹ̀ awọ ṣì wà níbẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti bo ara rẹ̀ láìsí òwú kankan.

Ohun tí a mú bọ̀

A kò kọ èyí láti di dókítà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí àgbà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọ̀rẹ́ ẹni sì lè bọ́ sí wa lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, tí eegun sì hàn, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eegun lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rán an. Ẹ bi í bóyá ó yẹ kí wọ́n rán an. Ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ má tú kápúsù sí ojú ọgbẹ́. A mọ̀ pé gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ní ẹni tó ń ṣe é. Ìyẹ̀fun náà á dì síbẹ̀ bí amọ̀, kòkòrò á sì máa fi ṣe òrùlé. Ọṣẹ ìfọyín, epo ọkọ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Ẹ jẹun. Ìyá kan ní wọ́ọ̀dù ní kí ọ̀rẹ́ wa má fẹnu kan ẹyin àti ẹ̀wà, pé wọ́n ń fa ọyún. Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja ni búlọ́ọ̀kù tí ara fi ń mọlé. Ọsàn ló ń bá a po sìmẹ́ńtì. Gaàrí nìkan kò lè kọ́ ọgbẹ́ pa. Ẹni tó bá ń mu sìgá, ó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó tọ́jú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí ọgbẹ́ irú wọn kì í yá jinná.

Ìran Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ọgbẹ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ dá. Olóòlà ń kọlà, ó ń dábẹ́, ó sì máa ń fún omi ìgbín sí ojú ibẹ̀ kó lè tutù. Ó mọ̀ pé ọgbẹ́ tí a dá lójú mímọ́, pẹ̀lú abẹ mímú, kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí jàǹbá dá. Àwa tí a kàwé la kò mọ̀ ọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnì kẹta wa pàdánù sẹ́sàn kan gbáko. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dáwó jọ, ẹ̀yin kan nínú wọn ń ka èyí lọ́wọ́, Ọlọ́run á san án fún yín. Irin náà kúrò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó fi ọ̀pá méjì rìn, ó fi ọ̀pá kan rìn, ó wá ju ọ̀pá nù. Ó ń tiro díẹ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Àpá tó wà ní ojúgun rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ kò sì bá ti ẹsẹ̀ yòókù mu. Bí ó bá wọ ṣòkòtò péńpé, kì í fi í pamọ́.

Fún ìgbà pípẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó mọ̀ pé àwa la ní kí wọ́n rán an, a mọ̀ pé ó mọ̀. A ń ṣàwàdà, a ń pín oúnjẹ, a ti pa ojú rẹ̀ dé dáadáa, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Òun ló tú òwú náà. Ní ọjọ́ kan tí iná kò sí, a jókòó síta, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rí i, mo bínú sí yín gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Ó sọ ọ́ tán. Ó pẹ́ kó tó tán. A kò gbèjà ara wa, a kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. A ti mọ̀ nígbà náà bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ọgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀.

Ọjọ́ náà ló ní kí a kọ ọ́ fún yín. A ti kọ ọ́. Ẹ rọra máa rìn, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀ ní Pẹ́dírò. Ire o.